Orí Keje: Èrìgì Ẹni Tó Ní Àtọ̀gbẹ

Ẹ̀jẹ̀ tó bá jáde nígbà tí a bá ń fọ ẹnu láàárọ̀ kì í ba ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́rù. Wọ́n á tu ú dànù, wọ́n á fi omi yọ ẹnu, wọ́n á bá iṣẹ́ òòjọ́ wọn lọ. Bí ẹ̀jẹ̀ kan náà bá ń jáde létí, gbogbo ilé ni yóò dìde. Àrùn èrìgì kì í dunni níbẹ̀rẹ̀, kì í sì í dá iṣẹ́ dúró. Obìnrin tó ń ta ẹja lọ́jà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ lè ní in fún ọdún mẹ́wàá kó má pa ọjọ́ ọjà kan jẹ nítorí rẹ̀. Ọkùnrin tó ń wa bọ́ọ̀sì láti gáréèjì Ìkòròdú lọ sí Mile 12 lè máa tu itọ́ ẹlẹ́jẹ̀ ní gbogbo òwúrọ̀, kó máa rò pé búrọ́ọ̀ṣì òun ló le jù.

Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ní àtọ̀gbẹ, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti ẹnu nìkan. Èrìgì tó ń ṣàìsàn máa ń mú kí ṣúgà ara rẹ̀ ṣòroó kápá, ṣúgà tí kò ṣeé kápá náà á sì máa ba èrìgì jẹ́ sí i. Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ ọ́ láìfọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀ pé ara ìtọ́jú àtọ̀gbẹ ni ìtọ́jú èrìgì jẹ́. Ẹni tó ń lo oògùn déédéé, tó ń ṣọ́ oúnjẹ rẹ̀, tó ń rìn láràárọ̀, àmọ́ tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yẹ ìdí eyín rẹ̀ wò, ó ti fi apá kan iṣẹ́ náà sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í sábà jẹ́ ẹ̀bi rẹ̀. Bó bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, wọ́n á wọn ìfúnpá rẹ̀, wọ́n á gún un níka láti wo ṣúgà, wọ́n á béèrè ojú, wọ́n á béèrè ẹsẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n ní kó lanu.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn kò kéré. Ìgbìmọ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oládipọ̀ Akínkúgbé darí ṣe ìwádìí káàkiri Nàìjíríà lórí àwọn àrùn tí kì í ràn, ìwé àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 1997. Nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà tí wọ́n yẹ̀ wò, 2.2 ló ní àtọ̀gbẹ. Ní Mangu, ní ìgbèríko Ìpínlẹ̀ Plateau, 0.6 péré ni. Ní Lagos Mainland, ó tó 7.2, kò sì sí ibi tó ga tó o nínú gbogbo ibi tí wọ́n dé. Ní 2018, Uloko àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ, wọ́n sì rí i pé iye náà ti di bíi 5.8 nínú ọgọ́rùn-ún ní gbogbo Nàìjíríà, tí ti Ìwọ̀ Oòrùn Gúúsù sì jẹ́ 5.5. Láti ìgbà tí Akínkúgbé ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, ìgboro Èkó ti ṣí wá bá Ìkòròdú. Àwọn tí owó ilé lé kúrò ní Mushin àti Shomolu ti kọ́lé sí Ìgbógbó, sí Ìjẹ̀dé, sí Ọ̀dọ̀gùnyàn, wọ́n ń jí ní aago mẹ́rin òwúrọ̀ kí wọ́n tó bá ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́, wọ́n ń jẹun lójú ọ̀nà, wọ́n ń fi mínírà òyìnbó tó tutù lé àárẹ̀ lọ. Bí ìgboro ṣe ń gbé ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbé báyìí.

Kí ni ń ṣẹlẹ̀ gan-an ní ìdí eyín? Lẹ́yìn tí a bá ti fọ ẹnu tán, kò ní pẹ́ tí nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń yọ̀ yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ eyín. Kòkòrò àìfojúrí ló kún inú rẹ̀. Bí a kò bá gbá a kúrò, èròjà inú itọ́ á mú kó le gan-an, á sì di èérí líle tí búrọ́ọ̀ṣì tàbí orin kò lè ká mọ́. Ní 1965, Harald Löe, ọmọ Norway, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Aarhus, ní Denmark, ní kí èèyàn 12 tí èrìgì wọn dá ṣáṣá má fọ ẹnu mọ́. Láàárín ọjọ́ 10 sí 21, èrìgì gbogbo wọn ti wú. Nígbà tí wọ́n padà sídìí búrọ́ọ̀ṣì, èrìgì náà bọ̀ sípò láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Ìwádìí yẹn ni mo máa ń rántí bí ẹnìkan bá sọ fún mi pé àìsàn ìdílé ni èrìgì tó ń ṣẹ̀jẹ̀, pé bó ṣe ń ṣe ìyá òun náà nìyẹn. Ìdílé lè ní ọwọ́ nínú bí ó ṣe máa burú tó. Èérí tó wà ní ìdí eyín ló ń dá a sílẹ̀, ó sì ṣeé kó kúrò.

Bí wọn kò bá tètè kó o, àrùn náà á wọ inú lọ. Èrìgì á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kúrò lára eyín, àyè kan á wá là sáàárín wọn, àwọn dókítà eyín ń pè é ní àpò. Kòkòrò á wọ inú àpò náà, á máa jìn sí i. Egungun párì tó di eyín mú á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Eyín á gùn lójú ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, àlàfo á yọ láàárín eyín tí kò ní àlàfo rí, ẹnu á máa rùn, ọyún lè máa yọ bí a bá tẹ èrìgì. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni eyín tó ń mì á wá dé, ìgbà yẹn sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbéra. Egungun tó ti lọ kì í sábà hù padà. A lè dá àrùn náà dúró kí ìyókù má bàa lọ, ohun tó ṣe pàtàkì jù nìyẹn.

Ẹnikẹ́ni ni àrùn yìí lè mú. Ti ẹni tó ní àtọ̀gbẹ yàtọ̀ ní ti pé ó máa ń yára, ó sì máa ń jinlẹ̀. Bí ṣúgà bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, á máa lẹ̀ mọ́ ara àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tó kéré jù lọ, irú èyí tó kún inú èrìgì, á sì mú kí ara wọn nípọn, kí ẹ̀jẹ̀ má lè ṣiṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ bó ṣe yẹ. Àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kí wọ́n pa kòkòrò á di aláìlágbára, síbẹ̀ wíwú àti pípọ́n tó yẹ kó rọlẹ̀ kò ní rọlẹ̀. Itọ́ á dínkù, ẹnu á máa gbẹ. Egbò kékeré á pẹ́ kó tó jinná. Ní Arizona, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, àtọ̀gbẹ pọ̀ gan-an láàárín àwọn Pima, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà tó ni ilẹ̀ náà kí òyìnbó tó dé. Àwọn oníṣègùn tẹ̀ lé wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì kọ ọ́ ní 1990 pé àrùn èrìgì ń mú àwọn tó ní àtọ̀gbẹ níbẹ̀ ní ìlọ́po 2.6 ju bó ṣe ń mú àwọn tí kò ní in lọ. Löe tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ló kọ̀wé ní 1993 pé kí wọ́n ka àrùn èrìgì mọ́ àwọn ìjàǹbá tí àtọ̀gbẹ ń ṣe. Márùn-ún ni àwọn oníṣègùn ti mọ̀ kó tó dìgbà náà: ojú, kíndìnrín, iṣan ìmọ̀lára, àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá, àti egbò tí kì í jinná. Ó ní èrìgì ni ìkẹfà.

Apá kejì ọ̀rọ̀ náà ló ṣòro fún àwọn èèyàn láti gbà gbọ́, bí ẹnu ṣe lè gbé ṣúgà ara sókè. Ẹ wò ó báyìí. Bí àrùn èrìgì bá ti burú, tí a bá sì lè tẹ́ gbogbo ibi tó ti di egbò nínú àwọn àpò ìdí eyín sílẹ̀, ìṣirò tí Hujoel àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní 2001 ni pé yóò fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 8 sí 20 níbùú lóròó. Bí egbò tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ bá wà lẹ́sẹ̀ ẹni tó ní àtọ̀gbẹ ní Ìkòròdú, àwọn ọmọ rẹ̀ kò ní sùn. Gbogbo wa la ti rí ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀. Inú ẹnu ni tèyí wà, ète sì bò ó. Láti inú egbò yẹn ni kòkòrò àti èròjà oró wọn ti ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí a bá ń jẹun. Ara á máa fi èròjà ìjà tirẹ̀ ránṣẹ́ káàkiri, àwọn èròjà ìjà yìí a sì máa dí insulin, èròjà tó ń mú ṣúgà wálẹ̀, lọ́wọ́ nínú ẹ̀dọ̀ àti nínú iṣan ara, tí insulin tó wà nílẹ̀ kò fi ní lè ṣiṣẹ́ tó yẹ kó ṣe. Àpẹẹrẹ tí ẹ mọ̀ dáadáa ni pé ṣúgà máa ń gòkè bí ẹni tó ní àtọ̀gbẹ bá ní ibà tàbí eéwo. Ti èrìgì kì í lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan bí ibà ṣe ń lọ.

Ṣé bí wọ́n bá wá tọ́jú èrìgì, ṣúgà á wálẹ̀? Àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń dáhùn irú ìbéèrè yìí ni A1c, èyí tó ń sọ bí ṣúgà ṣe rí fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, nítorí pé sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ máa ń lo bíi 120 ọjọ́ láyé, ṣúgà á sì máa lẹ̀ mọ́ ọn ní gbogbo àkókò náà. Bí A1c bá tó 6.5 nínú ọgọ́rùn-ún, àtọ̀gbẹ ni. Ní 2013, ìwádìí ńlá kan tí Engebretson darí ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú èèyàn 514, sọ pé ìtọ́jú èrìgì kò mú A1c wálẹ̀ rárá. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan tọ́ka sí i pé èérí ṣì pọ̀ gan-an lẹ́nu àwọn tí wọ́n ní àwọn tọ́jú, pé ìtọ́jú náà kò kúnná tó. Ní 2018, D'Aiuto àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ̀ lé èèyàn 264 fún ọdún kan. Wọ́n fọ eyín apá kan wọn lókè lásán. Ti apá kejì, wọ́n wọ inú àpò lọ, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ẹni tó bá nílò rẹ̀, wọ́n sì ń pè wọ́n padà ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Nígbà tí ọdún náà pé, A1c àwọn tí wọ́n tọ́jú jinlẹ̀ fi 0.6 kéré sí ti àwọn yòókù. Ní 2022, àwọn onímọ̀ Cochrane kó ìwádìí 35 pọ̀, gbogbo èèyàn inú rẹ̀ lé ní 3,200, wọ́n sì rí i pé A1c ń fi bíi 0.43 wálẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin.

Kò pọ̀ lójú. Kò tó ohun tí oògùn ṣúgà tó ń jẹ́ metformin ń ṣe, tó lè fa A1c wálẹ̀ tó 1 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ ẹni tí A1c rẹ̀ wà ní 8.4 tó bọ́ sí 8 láì fi hóró oògùn kan kún èyí tó ń lò, tí ẹnu rẹ̀ kò rùn mọ́, tó sì tún ń jẹ iyán lọ, mo gbà pé ó jèrè. Lọ́dún 2022 kan náà, ìgbìmọ̀ NICE tó ń la ọ̀nà ìtọ́jú sílẹ̀ fún àwọn dókítà ní England kọ ọ́ pé kí wọ́n máa sọ fún ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, nígbà àyẹ̀wò ọdọọdún, pé ewu àrùn èrìgì wà fún un, kí ó sì máa lọ rí dókítà eyín. Àwọn ará wa tó wà ní Peckham àti Woolwich lè béèrè fún un bí wọn kò bá sọ ọ́ fún wọn. Kò sí ohun tó ní kí ẹni tó wà ní Agbówà má béèrè.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí èrìgì gbà ń ba ìtọ́jú ṣúgà jẹ́, n kò sì í gbọ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ tó. Ẹni tí eyín rẹ̀ ń mì kò lè jẹ ẹ̀pà. Kò lè fa ẹran ẹja kúrò lára egungun, àgbàdo sísè di èèwọ̀, ẹ̀fọ́ tí igi rẹ̀ le díẹ̀ á máa há a lẹ́nu. Ohun tó kù fún un ni ògì, búrẹ́dì tó rì sínú tíì, ẹ̀bà rírọ̀ pẹ̀lú ọbẹ̀ tó dán, àwọn oúnjẹ tó ń yára gbé ṣúgà sókè. Mo ti rí àgbàlagbà tí nọ́ọ̀sì ń bá wí nítorí pé kò jẹ́wọ́ ohun tó ń jẹ, tí kò sì sí ẹni tó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó ní eyín tí yóò fi jẹ ohun tí wọ́n ní kó jẹ.

Ẹ jẹ́ ká wá wọ yàrá dókítà eyín, nítorí ìbẹ̀rù ibẹ̀ ló ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn dúró sílé. Ká ní oníbàárà wa jẹ́ ìyá ẹni ọdún 58 láti Ẹ̀pẹ́, tó ti ní àtọ̀gbẹ fún ọdún mẹ́sàn-án. Àárọ̀ ni wọ́n ní kó wá, bó sì ṣe dára jù nìyẹn.

“Ẹ kú àárọ̀ mà. Ẹ ti jẹun?”

“Mo ti jẹ mọ́ín-mọ́ín, mo sì mu ògì díẹ̀.”

“Oògùn ṣúgà ńkọ́ mà?”

“Mo ti lò ó, ọmọ mi. Wọ́n ní kí n má jẹun tí mo bá ń bọ̀ wá yọ eyín, mo ní rárá o.”

Ó ṣe dáadáa. Ẹni tó bá lo oògùn ṣúgà tàbí tó gún insulin láìjẹun, tó wá jókòó fún wákàtí kan lórí àga dókítà eyín, ṣúgà rẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì. Bó bá ti wọ abẹ́ 70 lójú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ṣúgà, òógùn á bò ó, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, ebi á máa pa á burúkú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè má já gaara mọ́. Hóró ṣúgà onígun mẹ́rin bíi mẹ́rin, tàbí ìdajì ife mínírà tó ní ṣúgà, ni wọ́n á fún un lójú ẹsẹ̀, wọ́n á sì tún un wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Ẹ mú ṣúgà dání nínú báàgì yín bí ẹ bá ń lọ. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ohun tó wà níbẹ̀.

Dókítà náà gún màmá níka, ṣúgà rẹ̀ jẹ́ 148, iṣẹ́ lè bẹ̀rẹ̀. Ó mú irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n fàmì sí lára, ó ń tì í wọ àárín èrìgì àti eyín jẹ́jẹ́, ibi mẹ́fà yí eyín kọ̀ọ̀kan ká. Bó ṣe ń wọn ọ́n ló ń pe iye rẹ̀, tí nọ́ọ̀sì ń kọ ọ́ sílẹ̀: méjì, mẹ́ta, mẹ́ta, mẹ́fà, márùn-ún, mẹ́fà. Ní ibi tó pe mẹ́fà, ẹ̀jẹ̀ tẹ̀ lé irin náà jáde.

“Kí lẹ ń kà?”

“Bí àpò ìdí eyín yín ṣe jìn tó ni mà, ní mìlímítà. Mẹ́ta sísàlẹ̀ kò burú. Tó bá ti di mẹ́rin sókè, mo gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀ lọ.”

Wọ́n á tún ya fọ́tò X-ray láti mọ bí egungun tó kù ṣe tó. Lẹ́yìn náà ni fífọ eyín, ibẹ̀ sì ni ẹ̀rù ti ń ba màmá, nítorí wọ́n ti sọ fún un lọ́jà pé bí wọ́n bá fọ eyín, á máa mì. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ohun tí wọ́n rí, ìtumọ̀ tí wọ́n fún un ni kò tọ́. Èérí líle lè ti so eyín méjì tí kò ní egungun mọ́ pọ̀; bí wọ́n bá kó èérí náà, bí eyín ṣe rí tẹ́lẹ̀ á wá hàn. Bákan náà, èrìgì tó wú á fà, eyín á gùn lójú, omi tútù lè máa ta á fún ọjọ́ mélòó kan. Àmì pé wíwú ti lọ ni. Kò sí dókítà tó yẹ kó fi èyí pa mọ́ fún aláìsàn kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n tó sì ń ta omi ni wọ́n fi ń fọ́ èérí òkè. Fún èyí tó wà nínú àpò, wọ́n á gún abẹ́rẹ́ tí yóò mú ibẹ̀ kú tipiri, wọ́n á wá fi irin kékeré ẹlẹ́nu mímú ha gbòǹgbò eyín títí ara rẹ̀ á fi dán. Ó lè gba ìjókòó méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Eyín tí kò ṣeé gbà là mọ́, wọ́n á yọ ọ́, nítorí kò sí èrè nínú kí egbò rẹ̀ máa bá a gbé. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́ta, wọ́n á tún wọn gbogbo àpò náà. Èyí tó ṣì jìn tó sì ń ṣẹ̀jẹ̀, wọ́n á tún un ha, tàbí kí wọ́n la èrìgì díẹ̀ láti rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Oṣù mẹ́ta yìí náà ló bọ́ sí àsìkò A1c tuntun. Mo máa ń gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n ṣe méjèèjì lọ́sẹ̀ kan náà, kí wọ́n sì mú ìwé èsì kọ̀ọ̀kan lọ fún dókítà kejì, kí dókítà ṣúgà rí iye àpò, kí dókítà eyín rí A1c.

Oògùn apakòkòrò àrùn bí amoxicillin tàbí metronidazole kì í ṣe ìtọ́jú fún èyí tó pọ̀ jù nínú àrùn èrìgì. Èérí líle tó lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò eyín, oògùn kò lè wọ inú rẹ̀. Ẹni tó ń rà á ní kẹ́míìsì léraléra ń fi owó rẹ̀ ṣòfò, ó sì ń kọ́ kòkòrò bí wọ́n ṣe ń borí oògùn. Omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ dára láti yọ ẹnu, kò lè kó èérí líle. Omi bátìrì tí àwọn kan ń fi sí eyín tó ń dùn wọ́n, àní kó má tilẹ̀ kan ara rárá! Ásíìdì ni. Á jó èrìgì, ète àti ahọ́n, egbò irú èyí lẹ́nu ẹni tó ní àtọ̀gbẹ sì lè pẹ́ púpọ̀ kó tó jinná.

Orin ńkọ́? Mi ò sí lára àwọn tó ń ní kí àwọn àgbà jù ú nù. Ní 1986, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i pé kí àwọn tó ń lo orin máa lò ó lọ. Orin ata, ìdí, ayìn, igi orógbó, gbogbo wọn ló lè gbá èérí bí ẹni tó ń lò ó bá mọ ibi tí yóò gbà. Mo ti ṣọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń rin orin lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn láàárọ̀: iwájú eyín tó ń hàn bí a bá rẹ́rìn-ín ni wọ́n ń gbá títí á fi funfun. Ẹ̀yìn eyín iwájú ìsàlẹ̀, níbi tí ahọ́n ń kàn, wọn kì í débẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni èérí líle máa ń pọ̀ sí jù lọ, nítorí abẹ́ ahọ́n ni ọ̀nà itọ́ ti ṣí. Ẹ rin ẹnu orin náà títí á fi rí wúruwùru, kí ẹ wá mú un lọ sẹ́yìn ibẹ̀, kí ẹ gbá a láti èrìgì lọ sókè. Lẹ́yìn náà, kí búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ àti ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride má wọ́n lẹ́nu láàárọ̀ àti kí ẹ tó sùn. Ti alẹ́ ni ọ̀pọ̀ wa ń fò, òun sì ni kò yẹ ká fò. Àárín eyín ń fẹ́ búrọ́ọ̀ṣì kékeré tirẹ̀ tàbí òwú. Igi tí wọ́n fi ń ta eyín lẹ́yìn oúnjẹ kò rọ́pò wọn. Ẹni tó ń mu sìgá, kò sí ìtọ́jú èrìgì tí yóò ṣiṣẹ́ dáadáa fún un títí yóò fi jáwọ́.

Kí n má gbàgbé èyí, torí ó ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà. Púpọ̀ nínú àwọn tó ní àtọ̀gbẹ ló tún ní ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n sì ń lo amlodipine tàbí nifedipine. Lára àwọn kan, oògùn wọ̀nyí máa ń mú kí èrìgì hù sókè bo eyín, pàápàá bí èérí bá wà níbẹ̀. Ẹ má dá oògùn dúró fúnra yín nítorí ìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí kò ní oògùn lè pa èèyàn kí èrìgì tó ṣe é ní ohunkóhun. Ẹ fi han dókítà tó kọ ọ́ fún yín, ó lè pààrọ̀ rẹ̀.

Nígbà mìíràn, ẹnu ló ń kọ́kọ́ sọ fún wa. Ẹni tí eéwo èrìgì ń yọ léraléra lẹ́nu rẹ̀, lónìí ní ọ̀tún, oṣù tó ń bọ̀ ní òsì, tó sì ń tọ̀ lóru lọ́pọ̀ ìgbà, kí wọ́n gún un níka lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ṣúgà àárọ̀ rẹ̀ kó tó jẹun bá jẹ́ 126 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àtọ̀gbẹ ti wà níbẹ̀.

Fún àwọn tó wà ní agbègbè yìí, ilé ìwòsàn gbogbogbòò ìjọba ní Ìkòròdú àti ní Ẹ̀pẹ́ ni kí ẹ ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Èyí tó bá jinlẹ̀ jù, wọ́n á fi ìwé ránṣẹ́ sí LASUTH ní Ìkẹjà tàbí LUTH ní Ìdí-Àràbà, níbi tí àwọn dókítà tó kọ́ iṣẹ́ èrìgì nìkan wà. Ẹni tó bá wà lórí ètò ìlera Ilera Eko, kó béèrè irú ìtọ́jú eyín tó wà nínú èyí tó san owó rẹ̀ kó tó lọ. Ọ̀nà jìn láti Ẹ̀pẹ́, owó ọkọ̀ kò sì kéré, mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni dúró títí eyín yóò fi máa mì, tí ìrìn kan ṣoṣo yóò fi di ìrìn mẹ́fà.

Àwọn àmì kan wà tí a kì í fi dúró de ọjọ́ kejì. Bí abẹ́ àgbọ̀n tàbí ọrùn ẹni tó ní àtọ̀gbẹ bá wú, tí ahọ́n rẹ̀ ń gòkè lẹ́nu, tí kò lè gbé itọ́ mì, tí ohùn rẹ̀ yí padà, tí ibà wà lára rẹ̀, tàbí tí mímí ń nira fún un, àrùn láti ìdí eyín ti lè sọ̀ kalẹ̀ sínú ọrùn. Ó lè dí ọ̀nà afẹ́fẹ́ láàárín wákàtí díẹ̀. Ọ̀sán tàbí òru, ẹ gbé e lọ sí yàrá pàjáwìrì ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ yín jù. Ẹ má yà sí kẹ́míìsì, ẹ má sì fi ohunkóhun gbígbóná lé ibẹ̀. Kí ẹni tó bá tẹ̀ lé e wọlé sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà pé ó ní àtọ̀gbẹ, kí ó sọ ìgbà tó jẹun kẹ́yìn àti ìgbà tó lo oògùn kẹ́yìn, kí ó sì kó gbogbo oògùn tó ń lò dání nínú ike kan.